Agolo Ló Kọ́kọ́ Dé: Ìtàn Ìṣágolo Tó Ń Ké ní Agége

Àlọ́ o! Ààlọ̀! Ilé róbótó kan, kò ní ìlẹ̀kùn, kò ní fèrèsé, síbẹ̀ oúnjẹ kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Kí ni o? Ẹ ó ní ẹyin ni. Irọ́ ni. Ẹyin ò le láti fọ́. Agolo ni mò ń wí: agolo tòmátò, agolo mílíìkì, agolo Géṣà tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, èyí tí ẹ ń fi pa mọ́ de ọjọ́ tí owó bá tán. Ilé tí wọ́n kọ́ láìfi ìlẹ̀kùn sí ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, ògiri ni yóò là.

Ẹ kú ìkàwé, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́ ìdánwò. Èmi tí mo máa ń kó ewì wá sínú ìwé wa yìí, ìtàn ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ìtàn ọba, kì í ṣe ìtàn ogun Kírìjí. Ìtàn ohun èlò kékeré kan ni, èyí tó ń han gooro ní kíṣìnì: ópúnà. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ṣí ìgò mínírà o. Èyí tó ní apá méjì, tó ní kẹ̀kẹ́ eléyín, tí ó ń jẹ orí agolo yíká bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ṣe ń jẹ koríko ni mò ń wí. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka ìmọ̀ ìtàn rẹ́rìn-ín títí. Ó ní wọn ò tíì kọ ìtàn Ọ̀yọ́ tán, mo wá ń kọ ti ópúnà. Ṣùgbọ́n Agége ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ tí fèrè ilé iṣẹ́ ń jí láàárọ̀ á fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, á sì tún fẹ́ mọ bí èyí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ṣe ń rìn délé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, torí ẹ̀ka Yorùbá ni mo wà, n kò lè fojú fò ó. Ópúnà ni gbogbo ènìyàn ń pè é ní Agége, wọ́n sì ń pe ti ìgò náà bẹ́ẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tó jáde ní 1984, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè àti lítíréṣọ̀ ló bá wa ṣẹ̀dá. Kíṣìnì kọ́ ni wọ́n rán an sí. Ìyá mi ń pe tirẹ̀ ní ìṣágolo. Ó dùn létí mi, kò sì le láti tú: ohun tí a fi ń ṣí agolo. Òun ni mo máa lò títí tí mo fi máa parí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni pé agolo ti dáyé tipẹ́ kí ìṣágolo tó dé, kì í sì í ṣe ọdún kan tàbí méjì. Ogun ló bí agolo. Ìjọba Faransé fi owó sílẹ̀ fún ẹni tó bá lè wá ọ̀nà tí oúnjẹ àwọn ọmọ ogun wọn kò fi ní máa bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Nicolas Appert, ọ̀gá nínú oúnjẹ sísè àti nǹkan dídùn, ló gba owó náà ní 1810, fáráǹkì 12,000. Inú ìgò ló ń di oúnjẹ sí. Á dí ẹnu rẹ̀ pa, á sì bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná. Ọdún yẹn kan náà ni Peter Durand gba ìwé àṣẹ ọba ní Ìlú Ọba pé èèyàn lè lo agolo dípò ìgò, irin tí wọ́n fi tánganran bò kó má baà dípẹtà. Nígbà tó fi máa di 1813, Bryan Donkin àti John Hall ti ní ilé iṣẹ́ ní Bermondsey, ní Lọ́ńdọ̀nù, agolo ẹran sì ti ń ti ibẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń ṣí i? Òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì! Mi ò purọ́. Wọ́n kọ ọ́ sára àwọn agolo kan láyé ìgbà náà pé kí ẹni tó fẹ́ jẹun fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù gé orí rẹ̀ yíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ẹ fojú inú wo ọmọ ogun tí ebi ń pa, tó jókòó ti ẹran sísè tí kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilé náà, wọn ò ronú kan ẹni tó máa wọ̀ ọ́.

Ó di 1855 kí Robert Yeates, ẹni tó ń ṣe ọ̀bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ṣe abẹ olórí ṣóńṣó kan tí wọ́n ń fi gún agolo, tí wọ́n á sì máa fi agbára wọ́ ọ yíká. Ẹ bá mi ṣírò: 1813 sí 1855, ọdún méjìlélógójì. Ezra Warner ará Waterbury ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1858, abẹ tó tẹ̀ bíi dòjé. Àwọn ọmọ ogun lò ó nínú ogun abẹ́lé wọn (1861 sí 1865), ṣùgbọ́n ó mú débi pé aláṣọ́ọ̀bù ló máa ń bá oníbàárà ṣí agolo kó tó gbé e lọ sílé. William Lyman ló fi kẹ̀kẹ́ sí i ní 1870: abẹ róbótó tó ń yí bó ṣe ń gé. Ilé iṣẹ́ Star Can ní San Francisco fi kẹ̀kẹ́ kejì kún un ní 1925, kẹ̀kẹ́ eléyín tó ń di etí agolo mú kí abẹ má baà yọ̀. Ní 1931, ní Kansas City, Bunker fún un ní apá méjì tí a ń fún pọ̀ bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Èyí tó wà nílé yín báyìí, ọmọ ọmọ ti 1931 yẹn ni, ìbáà jẹ́ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi kẹ̀kẹ́ eléyín yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ìkẹjà ti máa wọlé. Kí ni ó ń di mú? Etí agolo ni. Agolo ayé àtijọ́ kò ní irú etí yìí. Òjé ni wọ́n fi ń jó ọmọrí mọ́ ọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ká etí ọmọrí mọ́ etí ara agolo, wọ́n á ká a, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ pa, bí ìgbà tí télọ̀ bá ṣẹ́ etí aṣọ po lẹ́ẹ̀mejì kó tó rán an. Ẹ fọwọ́ ra orí agolo Géṣà yín, ẹ ó kan án. Ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní àwọn kẹ̀kẹ́ irin kéékèèké tó ń yí etí agolo po: ti àkọ́kọ́ á ká a, ti èkejì á tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ìṣágolo náà, kẹ̀kẹ́ méjì ló ní. Kẹ̀kẹ́ méjì ló tì í, kẹ̀kẹ́ méjì náà ló ń ṣí i. Bí agolo ò bá ní etí, ìṣágolo ò ní rí ibi gbá mú. Iṣẹ́ kan náà ni, ọ̀kan lọ ọ̀tún, ọ̀kan lọ òsì.

Ó wá kan Ìkẹjà. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló la ọgbà ilé iṣẹ́ síbẹ̀ láwọn ọdún 1950, torí Ìkẹjà kò tíì sí lábẹ́ Èkó nígbà náà. Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ẹ wo títì ńlá tó gba àárín ọgbà náà kọjá, Ọba Akran, Ọba Bàdágìrì tó ṣe mínísítà nínú ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Agége ti wà níbẹ̀ tipẹ́ ní tirẹ̀. Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1901 gba àárín rẹ̀ kọjá, obì àti kòkó sì ni iṣẹ́ ibẹ̀. Ní 1907 ni àwọn àgbẹ̀ ńlá bíi J. K. Coker dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Agége sílẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn agégi ni orúkọ Agége ti wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé gígé nǹkan kì í ṣe àjèjì sí wa.

Ìgbà tí ilé iṣẹ́ dé, oko di ilé. Ìkẹjà ni ẹ̀rọ wà, Agége ni ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ń sùn. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Adrian Peace kọ odindi ìwé lórí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, ìwé náà jáde ní 1979. Yàrá kan ṣoṣo, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, ìdaṣẹ́sílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ 1971 nítorí owó tí ìgbìmọ̀ Adébọ̀ ní kí wọ́n fi kún owó oṣù, ẹ lọ kà á. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ló ń di oúnjẹ sínú agolo. Cadbury, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbí ní 1965, wà ní Agídíńgbí pẹ̀lú Bọ́ńfítà rẹ̀. Mílíìkì Peak, tí wọ́n ti ń kó wọ ìlú wa láti Hólàǹdì láti 1954, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti Ògbà ní 1975, lẹ́yìn tí wọ́n dá WAMCO sílẹ̀ ní 1973. Láti Agége, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé Ògbà bí owó ọkọ̀ ò bá sí.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí agolo Bọ́ńfítà: ìdí ṣíbí ni, ẹ ti ọmọrí rẹ̀ sókè, ó tán. Sàdíìnì mú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ wá látilé, irin kékeré tí wọ́n ń ká ọmọrí mọ́. Láti 1866 ni wọ́n ti gba ìwé àṣẹ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Mílíìkì ńkọ́? Ìṣó àti òkúta. Ihò méjì, kí wọ́n kọjú síra wọn. Ọ̀kan fún mílíìkì, ọ̀kan fún afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá lu ihò kan ṣoṣo á mi agolo títí ọwọ́ á fi ro ó, torí mílíìkì ò lè jáde bí afẹ́fẹ́ ò bá ráyè wọlé rọ́pò rẹ̀. Mo mọ èyí kí n tó mọ orúkọ físíìsì.

Tòmátò ló fi dandan gbọ̀n ìṣágolo. Agolo tòmátò ò ṣeé lu ihò sí, kò sì ní kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn owó Údójì, àbá tó jáde ní 1974 tí owó rẹ̀ wọlé ní 1975, oúnjẹ inú agolo wọ ilé òṣìṣẹ́ bí ẹni pé ìlú ò ní oko mọ́. Ọ̀bẹ ìdáná ni ọ̀pọ̀ ìyá ń fi lù ú: ẹ gbé ọ̀bẹ lé e, ẹ fi ọmọ ọlọ gbá a, ẹ máa yí i. Ètí rẹ̀ á rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àwọn ìyá wa, àpá tó wà níbẹ̀ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ti oko.

Ọ̀rọ̀ etí agolo tó gé dáadáa àti èyí tí kò gé dáadáa yìí ju ọ̀rọ̀ kíṣìnì lọ o. Nígbà tí ìlú le, tí ìjọba Ṣàgàrí dín ọjà òkèèrè kù ní 1982, tí àwọn èèyàn ń tò sórí ìlà nítorí mílíìkì àti ṣúgà ní 1984, tí Sáápù sì wá já lù wá ní 1986, agolo òfìfo gan-an di dúkìá. Agolo tòmátò De Rica láti Ítálì di òṣùwọ̀n ìrẹsì àti ẹ̀wà. A ò rántí ará Ítálì kankan mọ́, dẹ̀ríkà ti di ọmọ ọjà wa. Agolo mílíìkì di kọ́ọ̀pù. Aláǹtakùn nínú àwọn alátẹ kan á tẹ ìdí agolo wọnú kí ẹrù tó ń gbà lè dín kù, ẹ mọ̀ wọ́n. Àwọn alágbẹ̀dẹ páànù ń ra agolo láti fi ṣe fìtílà, èyí tí wọ́n ń fi òwú sí lórí, tí alákàrà ń tàn lálẹ́. Àwa ọmọdé ń fi í ṣe mọ́tò. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, agolo tí wọ́n fi ìṣágolo gidi ṣí ló níye lórí. Ta ló fẹ́ wọn ìrẹsì pẹ̀lú ohun tó lè já a lọ́wọ́? Ìyá mi sọ fún mi pé nígbà tí òun ń dáná níbi àríyá, alágolo á kọ́kọ́ fọwọ́ ra etí kó tó dá owó. Ìṣágolo tó bá ń kọsẹ̀, owó ló ń jẹ.

Mo ti dé ibi tí ọkàn mi wà.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí rélùwéè, tó ti ṣe fítà ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ tó ń ti agolo ni wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀. Òun ló ń ṣe àtúnṣe àwọn kẹ̀kẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn: bí wọ́n bá fẹ̀ jù, agolo á máa jò, bí wọ́n bá fún jù, etí rẹ̀ á já. Ó ní ohùn ẹ̀rọ ló fi ń mọ èyí tó ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dúró ti ariwo yẹn láìsí ohunkóhun nínú etí. Nígbà tí wọ́n ní kí ó máa lọ sílé, etí rẹ̀ méjèèjì ti lọ ṣáájú rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kí i, mo gbọ́dọ̀ pariwo débi tí ará ilé kejì á fi dáhùn.

Bàbá yìí ni gbogbo adúgbò ń gbé ìṣágolo wọn lọ bá. Ẹ wò ó bí mo ṣe rí i: aláìgbọ́rọ̀ ni a ń gbé ohun tó ń ké lọ fún. Kì í fi etí gbọ́ ọ mọ́. Á ti ẹnu rẹ̀ mọ́ etí agolo òfìfo kan, á gbé àtàǹpàkò òsì lé orí ríbẹ́ẹ̀tì, á máa yí i jẹ́jẹ́, á di ojú. Lẹ́yìn ìyí mẹ́ta, á ní, "Ìdí ọ̀pá ló gbẹ," tàbí kí ó ní, "Apá ló ṣí." Mi ò rí i kó ṣì í.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ìgbà tí ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, kí lẹ fi ń ṣí agolo nílé?" Lẹ́yìn tí mo pariwo rẹ̀ nígbà kẹta ló tó yé e. Ó rẹ́rìn-ín. "Akéwì, ìṣó ni. Ọ̀bẹ ni. Mo ti ń ti agolo fún ọdún mẹ́ta kí n tó ní èyí tí mo fi ń ṣí i." Ẹ̀yin ará mi, mo kọ èyí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ará Bermondsey ní 1813 àti fítà Agége, ìwà kan náà ni ayé hù sí wọn.

Ohun tí mo kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyí, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kí ó má baà sọnù. Ohùn mẹ́ta ni ìṣágolo ń ké.

Èkíní ni híhan: fíìn, fíìn, bí ìlẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ gbẹ. Ibi tí ọ̀pá ọwọ́ ìyípo ti gba inú irin kọjá ni. Omi tòmátò ló gbẹ mọ́ ọn, ìpẹtà sì bá a dọ́rẹ̀ẹ́. Ẹ má tíì gbé òróró o! Òróró lórí ìdọ̀tí, ẹrẹ̀ lẹ fi ń pò. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ló ṣáájú. Ẹ rì í sínú rẹ̀ bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ àárín eyín kẹ̀kẹ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ yọ èyí tó bá ranjú mọ́ ọn. Bó bá ti dípẹtà, fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ á jẹ ìpẹtà náà, ṣùgbọ́n ẹ má fi sínú rẹ̀ mọ́jú, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin gan-an. Ẹ ṣan án, ẹ nù ún, ẹ sá a sóòrùn. Ìgbà tó bá gbẹ tán pátápátá ni òróró kàn.

Òróró wo? Mo rò pé òróró ẹ̀pà á ṣe é. Bàbá ní rárá, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á dákẹ́, tó bá yá á di gọ́ọ̀mù, á sì máa rùn. Ọ́ìlì mọ́tò ńkọ́, èyí tó kún Agége? Májèlé ni, oúnjẹ lẹ fẹ́ fi ṣí. Lìkúìdì parafíìnì tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì ló dáa, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí ìgbẹ́ ń dà láàmú. Kò láwọ̀, kò rùn, kì í di gọ́ọ̀mù. Ẹ má lọ ra kẹrosíìnì wá o, torí àwọn kan ń pe ìyẹn náà ní parafíìnì. Ẹ kán an lẹ́ẹ̀kan sí ìdí ọ̀pá, lẹ́ẹ̀kan sí ibi tí apá méjèèjì ti so pọ̀, ẹ yí i bí ìgbà mẹ́wàá, ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ìkán méjì ni mo wí, ẹ ò dín dòdò.

Ohùn kejì ni ìkọsẹ̀: ka, ka, ka. Á rìn díẹ̀, á fò, á fi apá kan ọmọrí sílẹ̀ láìgé. Ẹ wo àárín eyín kẹ̀kẹ́ ná, bóyá ìdọ̀tí ló dí i. Bó bá mọ́, a jẹ́ pé ríbẹ́ẹ̀tì ti dẹ̀, apá méjèèjì ti ń ya, kẹ̀kẹ́ méjèèjì ò sún mọ́ra mọ́ bó ṣe yẹ. Ẹ fún apá rẹ̀ pọ̀, ẹ gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba àárín rẹ̀. Ẹ ó rí i bí àlàfo rẹ̀ ti tó. Bàbá á gbé orí ríbẹ́ẹ̀tì kan lé irin tó nípọn, á fi òòlù kékeré kàn án lórí kejì, lẹ́ba-lẹ́ba, kì í ṣe láàárín. Ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì, á dán an wò. Ó tún kàn án, á tún dán an wò. Bí ẹ bá fi ìbínú kàn án, á fún débi tí apá ò ní ṣí mọ́. Ti ẹni tó ní bóòtù dípò ríbẹ́ẹ̀tì kò le, sípánà ni.

Ohùn kẹta ni gààrà-gààrà, bí ẹni ń jẹ yanrìn. Abẹ ti kú, eyín kẹ̀kẹ́ ti jẹ tán, irin ń ha irin. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ohun tó ń ha yẹn ń bọ́ sínú ọbẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun nu ẹnu rẹ̀, ẹ ó rí i tó ń dán wínníwínní. Bàbá kì í tún irú èyí ṣe. Á dá a padà fún ẹni tó ni ín, á mi orí. Àwọn kan máa ń bínú sí i, wọ́n á ní ó fẹ́ gba owó ni, bẹ́ẹ̀ kì í gba kọ́bọ̀.

Ó tún máa ń fi kún un pé kí a fọ orí agolo kí a tó ṣí i, torí eku ti rìn lórí rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rù, abẹ á sì ti ìdọ̀tí náà wọlé. Agolo tó bá sì wú, ká má ṣí i, ká má tọ́ ọ wò. Ohun tó wú u lè pani.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, ẹnì kan ní yàrá wa ní kí n má wulẹ̀ dààmú, ta ló tún ń lo ìṣágolo? Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Láti 1959 ni Ermal Fraze ní Ohio ti ronú kan agolo tó ní ohun tí a ń fà lórí, lónìí ọ̀pọ̀ agolo ló ní òrùka tirẹ̀. Tòmátò ti wọ inú ọ̀rá, mílíìkì náà ti wọ inú ọ̀rá. Agolo ti wá ń mú ìlẹ̀kùn rẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n òrùka náà ń já o! Ẹni tí òrùka já mọ́ lọ́wọ́ ní agogo mọ́kànlá òru, ẹ lọ bi í bóyá kò wá ìṣágolo. Àwọn alásè pẹ̀lú agolo ńlá ńlá wọn ṣì wà. Àwọn èyí tó wà lórí àtẹ nísinsìnyí fẹ́lẹ́, oṣù díẹ̀ ni apá wọn fi ń ya, wọ́n á jù wọ́n nù, wọ́n á ra òmíràn. Ní Ìkẹjà kan náà, ní òpópó Ọ̀tìgbà, ẹ máa rí ọmọ ogún ọdún tó lè tú fóònù palẹ̀ kó sì tò ó padà kí ẹ tó mu píọ̀ wọ́tà tán. Ẹ gbé ìṣágolo fún un, á wo ojú yín.

Ìkẹjà gan-an sì ti ń yí padà. Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Ọgbà ilé iṣẹ́ míì ti di ilé ìjọsìn, òmíràn di ilé àpèjẹ, òmíràn di ilé ìkẹ́rù. Àwọn tó mọ ìdí ẹ̀rọ wà ní Agége, wọ́n jókòó sí iwájú ilé láàárọ̀, wọ́n ń ta ayò. Ìwé wà lórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ wọn, mo ti sọ ọ́. Ìwé tó sọ ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀, mi ò tíì rí ọ̀kan kà. Ọ̀rẹ́ mi oní-ìmọ̀ ìtàn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ń wá àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá lọ́wọ́lọ́wọ́. Mo ti júwe ilé Bàbá fún un, mo ní kó gbé bírò dání, kó sì múra láti pariwo.

Ní tèmi, mo ti ra ìgò lìkúìdì parafíìnì kékeré kan, mo ní búrọ́ọ̀ṣì gbígbó méjì, Bàbá sì yá mi ní òòlù kékeré. Ẹni tí ìṣágolo rẹ̀ bá ń ké ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kó mú un wá síbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀. Ẹni tó bá mú agolo Géṣà àti búrẹ́dì Agége mọ́ ọn, tirẹ̀ la máa kọ́kọ́ dá lóhùn.